Baálé Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, bí ẹ bá jókòó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dìde ná. Dókítà Oyèlẹ́yẹ Abọ́dúnrìn ló ń wọlé bọ̀, a kì í sì í jókòó bí ọkùnrin náà bá ń wọlé. Bí ẹ bá dìde tán, ẹ ṣe sùúrù. Yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ká apá agbádá ọ̀tún lé èjìká, yóò ká tòsì, yóò húkọ́, yóò wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ṣì jókòó, kó tó rántí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun ń wá.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Àgbẹ̀ àti Òwò, lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, ni wọ́n ti fi í ṣe dáírẹ́kítọ̀ ìtẹ̀jáde. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kó máa bójú tó jọ́nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ìwé tí àwọn olùkọ́ ń kọ àbájáde ìwádìí wọn sí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kà, tí ìjọba sì fi ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé ga. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe gbé iṣẹ́ náà sórí, ẹ ó rò pé Ìwó àti gbogbo abúlé tó yí i ká ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́.

Ohun tó ń lé kò fara sin. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Iléyá, Oyèlẹ́yẹ sì ti rí ara rẹ̀ lórí àga náà. Ó ti mọ ibi tí yóò gbé tábìlì sí. Ó ti mọ ẹni tí yóò máa bá a gbé báàgì, ó sì ti mọ ẹni tí kò ní gbà kó gbé e láé. Ohun kan ṣoṣo ló ń dí i lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀gá àgbà máa ń béèrè àwọn pépà ìwádìí tí èèyàn kọ, láti ọjọ́ tí Oyèlẹ́yẹ sì ti gba Dókítà, kálàmù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kọjá kó buwọ́ lùwé. Kò fẹ́ràn ìwé kíkọ. Kí wọ́n máa pe òun ní òǹkọ̀wé ló fẹ́ràn.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá sọ pé àwọn fẹ́ gbé jọ́nà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí pépà tuntun máa jáde níbẹ̀, kí wọ́n sì kó àwọn ti àtijọ́ tí ikán ń jẹ nínú yàrá ìkówèésí lọ síbẹ̀, inú Oyèlẹ́yẹ kò kọ́kọ́ dùn. Ó ní ohun tí ọwọ́ kò lè gbé, báwo ni wọ́n ṣe máa gbé e wá fún òun lórí ìkúnlẹ̀? Kàbírù tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ló là á lójú. Iṣẹ́ àdéhùn ni Kàbírù ń ṣe, wọn ò tíì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí kì í dùn mọ́ ọn.

“Sà, gbogbo ayé ló máa rí i,” ni Kàbírù wí. “Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó wà ní Jàpáànù, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, Ìwó ni wọ́n máa bá.”

“Ta ni wọ́n máa bá ní Ìwó?”

Kàbírù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé. “Ẹ̀yin ni, sà.”

Bí Oyèlẹ́yẹ ṣe gba íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n ṣí ìkànnì jọ́nà náà ní gbọ̀ngàn ńlá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Oyèlẹ́yẹ ní àfi kí wọ́n so rébọ́nì mọ́ kọ̀ǹpútà, torí kò sí ohun tí wọ́n ń ṣí ní Nàìjíríà tí wọn kì í gé rébọ́nì rẹ̀. Wọ́n so ó. Ó gba sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Kí n tó dé,” ló wí, “inú òkùnkùn ni ìmọ̀ wà. Ó ń táràrà kiri. Ó ń béèrè pé, ta ni yóò fà mí lọ́wọ́? Àwọn kan gbọ́, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi Oyèlẹ́yẹ ni mo fà á lọ́wọ́. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá kàwé láti ìhín títí dé òpin ayé, kó mọ̀ pé èmi ni mo tanná fún un.”

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí iná fi lọ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó gé rébọ́nì náà, ó sì gé wáyà máòsì mọ́ ọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún rébọ́nì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wáyà. Ìlú odídẹrẹ́ ni Ìwó láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dà bíi pé gbogbo odídẹrẹ́ ìlú ló ti gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìtẹ̀jáde.

Àṣẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá ṣí ìkànnì kò gbọdọ̀ rí pépà kankan títí ohùn dáírẹ́kítọ̀ yóò fi kí i káàbọ̀ tán. Ìkíni náà gùn. Ìwúkọ́ wà nínú rẹ̀, ìtàn ìgbà èwe wà nínú rẹ̀, àdúrà sì wà níparí. Dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tán sídìí àdúrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ní kí wọ́n fi àwòrán òun nínú agbádá funfun síwájú ìkànnì, agbádá náà sì fẹ̀ débi pé ó bo ojú ibi tí èèyàn ti lè wá ohun tó fẹ́ kà.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí pépà Mùínàt jáde ni ẹ̀rín di nǹkan mìíràn.

Mùínàt Adéoyè ń kọ́ni nípa ìlera àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko. Ọdún gbọọrọ ló fi ń lọ sí Kuta, tó ń jókòó ti àwọn ìyá tó ń yan gaàrí, tó ń wo ohun tí èéfín ń ṣe sí ojú wọn àti àyà wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò tíì rìn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọmọ náà ti ń lọ síléèwé. Wọ́n fẹ́ wo ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀ lọ́dún náà, pépà yìí ló sì gbọ́kàn lé.

Kàbírù gbé e sórí ìkànnì, ó pe ọ̀gá kó wá wò ó. Ọ̀gá wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Orúkọ ta ni mo ń rí lókè yìí?”

“Mùínàt ni, sà. Òun ló kọ ọ́.”

“Èmi dà?”

“Ẹ wà nísàlẹ̀, sà. Ibi tí wọ́n kọ dáírẹ́kítọ̀ sí.”

“Nísàlẹ̀.” Oyèlẹ́yẹ jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. “Kàbírù, ọmọ Ìwó ni ẹ́. Bí àlejò bá wọ agbo ilé yín, ta ni yóò kọ́kọ́ kí?”

“Baálé ni, sà.”

“Ta wá ni baálé ìkànnì yìí?”

Kàbírù wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ dáadáa pé ibi tí orúkọ Mùínàt wà, ààyè òǹkọ̀wé ni, kì í ṣe ìloro ilé ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì rántí pé iṣẹ́ àdéhùn lòun ń ṣe. “Ẹ̀yin ni, sà,” ló wí.

“Fi orúkọ mi síwájú tirẹ̀. Ìkíni lásán ni, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Fi síwájú gbogbo àwọn yòókù náà.”

“Àti àwọn pépà àtijọ́, sà?”

“Àwọn yẹn ò ní kí mi ni?”

“Sà, àwọn mìíràn nínú àwọn tó kọ wọ́n ti kú.”

“Kí wọ́n kí mi láti ibẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo pàṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì Mùínàt wá sí ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ pépà mi ni. Mi ò ní kí n má kí yín. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi orúkọ yín sí, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ń wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí yín níwájú, wọ́n máa ní ńṣe ni mo kàn tẹ̀lé yín.”

“Ṣé àbùkù wá ni kéèyàn tẹ̀lé mi?”

“Rárá, sà. Àmọ́ ẹ ò tẹ̀lé mi dé Kuta. Èmi ni mo wà nídìí iná pẹ̀lú àwọn ìyá yẹn.”

Oyèlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín ìfẹ́. “Mùínàt, ọmọ dáadáa ni ẹ́, ọ̀rọ̀ ayé ni kò tíì yé ọ. Ìgbà wo ni baálé di alágbàro? Ẹ̀yin ẹ lọ sídìí iná, èmi ni ilé tí ẹ gbé e wá sí. Ìwé tó bá gba abẹ́ orúkọ mi kọjá, ó ti di ìwé tí ayé máa wárí fún. Ìwọ gan-an, bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, wàá máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ẹ̀yìn Oyèlẹ́yẹ gan-an lo dúró sí. Kò wọ́pọ̀.”

“Ó dáa, sà,” ni Mùínàt wí. Ó dìde, ó sì jáde.

Oyèlẹ́yẹ sọ fún Kàbírù pé ọmọ náà dúpẹ́ kò mọ bí yóò ṣe dúpẹ́. Ẹni tó bá mọ obìnrin Ìwó mọ̀ pé “ó dáa” tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọpẹ́. Inú Mùínàt bà jẹ́ gidigidi. Wọ́n ti ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀ sẹ́yìn lọ́dún náà, wọ́n ní kó lọ ṣe iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ wá.

Àwọn ẹ̀rọ kan wá wà nílẹ̀ òkèèrè tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa rìn kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa kó orúkọ àwọn òǹkọ̀wé jọ. Ẹ̀rọ kò mọ baálé, kò sì mọ ìkíni. Ẹni tó bá bá ní ààyè òǹkọ̀wé, òun ló ń pè ní òǹkọ̀wé. Bí wọ́n ṣe dé ìkànnì Ìwó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń bá níwájú pépà kan dé ìkejì. Kí oṣù tó parí, Oyèlẹ́yẹ ti di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé wọn pọ̀ jù ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Ó mọ̀ nípa owó orí, ó mọ̀ nípa gírámà èdè Lárúbáwá, ó mọ̀ nípa ilé ọmọ ewúrẹ́. Wọ́n ti Màléṣíà kọ̀wé sí i pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ilé ọmọ ewúrẹ́ yìí gan-an.

Níbẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ pé ìkíni lásán ni. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìkíni. Nígbà tó tún yá sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ tó ń kọ wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀, Tinúkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo, gbọ́ tó ń ka lẹ́tà Màléṣíà sókè níwájú dígí.

“Bàbá Balqees, ìgbà wo lẹ mọ̀ nípa ilé ọmọ ewúrẹ́? Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ wa ń rọbí lọ́jọ́sí, tí ẹ sá wọ inú mọ́tò, tí ẹ yí gíláàsì rẹ̀ sókè?”

“Ìmọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, Tinúkẹ́.”

“Ẹ má lọ o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Tí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ jáde síbẹ̀, kò sí mọ́tò tí ẹ máa sá wọ̀.”

Kò lọ. Ṣùgbọ́n ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ sára pátákó ńlá lẹ́nu géètì, wọ́n kọ “Ọ̀mọ̀wé Tí Ayé Ń Wárí Fún” sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ipò ọ̀gá àgbà. Àwọn yòókù tó du ipò náà ní pépà tó mọ níwọ̀n. Tirẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló lè kó o. Kàbírù ti ń pè é ní “Ọ̀gá Àgbà Wa” láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n sì ti wọn fèrèsé ọ́fíìsì tuntun fún kọ́tìnì.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. Alága ìgbìmọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládùnní, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Ìbàdàn. Gèlè rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ rọ̀. Oyèlẹ́yẹ wò ó, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìyá yìí kò le.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́,” ni ìyá náà wí. “Pépà yín pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí mo lè mú. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó wù mí, èyí tó sọ nípa kòkòrò tó ń jẹ iṣu nínú ebè ní Ilé-Ogbó. Ẹ sọ díẹ̀ fún wa.”

Oyèlẹ́yẹ kò ka pépà náà rí. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ iṣu rí, ìyẹn sì tó fún un.

“Alága wa ọlọ́lá jù lọ, ọ̀rọ̀ kòkòrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo jí ní ìdájí. Ìrì wà nílẹ̀. Mo wọ oko Ilé-Ogbó lọ, mo dúró lórí ebè, mo wo kòkòrò lójú, kòkòrò náà wò mí. Mo ní, ìwọ kòkòrò, kí ni iṣu ṣe fún ọ? Àwọn àgbẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn mi. Mo ní kí wọ́n nu ojú wọn nù, mo ti dé.”

“Kí lẹ wá rí?”

“Mo rí i pé kòkòrò ń jẹ iṣu.”

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹnì kan tẹ̀lé yín nínú iṣẹ́ náà. Fọládé lorúkọ rẹ̀. Kí lòun ṣe?”

Orúkọ tó bá tẹ̀lé tirẹ̀, Oyèlẹ́yẹ kì í kà á. “Háà, Fọládé. Ọmọdébìnrin kan ni. Apẹ̀rẹ̀ ló ń bá mi gbé. Ó gbìyànjú, àmọ́ orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jí sí ìwé. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.”

“Ẹ ṣeun àánú,” ni ìyá náà wí. Ó yí ìwé padà. “Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọdún 1977, ọdún tí a ṣe Fẹ́sítáàkì, ni pépà yìí jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó nǹkan kan, kó má kúrò láàárín wa. Oyèlẹ́yẹ ní ọjọ́ orí méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń ní in lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba: ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti ọ́fíìsì. Ní ti ilé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí lọ́dún Fẹ́sítáàkì. Ní ti ọ́fíìsì, wọn ò tíì bí i.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti ṣí fáìlì. “Bí ẹ bá ti jẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn, sà,” ló wí, “ó ti yẹ kí ẹ wà nílé pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì yín tipẹ́tipẹ́. Bí ọjọ́ orí tí ẹ fún wa bá sì jẹ́ òótọ́, inú ìyá yín lẹ kò tíì dé tí ẹ ti ń bá kòkòrò sọ̀rọ̀. Èwo ni ká kọ sílẹ̀?”

Oyèlẹ́yẹ wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀. Ó ká apá agbádá ọ̀tún lé èjìká, ó ká tòsì. Ó rí i pé àga náà ti ń lọ, ẹ̀rù sì bà á gan-an, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè tó ń dúró de ìdáhùn.

“Ìkíni ni,” ló wí níkẹyìn. “Àṣà wa ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àlejò kì í wọlé kó má kí baálé. Èmi ni baálé ìkànnì. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi ṣáájú, kó lè dà bí ìgbà tí gbogbo wọn kí mi. Mi ò ní ọkàn burúkú.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládùnní bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì.

“Fọládé lorúkọ bàbá mi,” ló wí. “Òun ni mo ń jẹ́ kí n tó lọ sílé ọkọ. Ìwó níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìrì tí ẹ ń sọ yẹn, èmi ló tutù lẹ́sẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ yẹn, èmi ni mo gbé e, kò sì sí ọ̀gá kankan níwájú mi.” Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ ní àṣà. Èmi náà mọ àṣà. Àlejò máa ń kí baálé. Ṣùgbọ́n baálé tó gba ẹrù lórí àlejò, tó ní òun lòun rù ú wá láti oko, kí là ń pè é ní Ìwó?”

Ọmọ Ìwó pọ̀ nínú yàrá náà, gbogbo wọn ló sì mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Wọn kò fún un ní àga. Wọ́n gba èyí tó wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n dá a padà sí olùkọ́ lásán, wọ́n sì ní kó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nígbà mìíràn. Kàbírù, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó fi kọ orúkọ rẹ̀ síwájú, ló fi ń pa á rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ tó bá pa á rẹ́ lára pépà kan, ìkànnì á fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí fóònù Oyèlẹ́yẹ pé wọ́n ti yọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́. Fóònù náà ń dún gbàgà gbàgà ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó jókòó tì í rò pé owó ló ń wọlé, ó sì ń kí i kú oríire.

Orúkọ Mùínàt padà síwájú pépà rẹ̀, ìgbéga rẹ̀ sì dé. Òun ni wọ́n ní kó máa bójú tó jọ́nà báyìí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ agbádá kúrò lójú ọ̀nà.

Àṣẹ kan wá jáde pé olùkọ́ tí kò bá ní pépà kankan tó jẹ́ tirẹ̀ kí ọdún tó parí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oyèlẹ́yẹ wá sí ọ́fíìsì Mùínàt lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó dìde. Mùínàt nìkan ló kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, torí àgbà ṣì ni.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ìkànnì ti wà ní ṣíṣí.”

Ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú Alàájì, pẹ̀lú Dókítà, pẹ̀lú oyè tí wọ́n fi í jẹ ní abúlé ìyá rẹ̀. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Ó tẹ ibi tí yóò fi lọ síwájú, ẹ̀rọ kò gbà. Ó tún un tẹ̀.

“Orúkọ ti wọlé, sà,” ni Mùínàt wí jẹ́jẹ́. “Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ló kù.”

Oyèlẹ́yẹ gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì nígbà tó gbé ọwọ́ náà kúrò, kò sì tíì tẹ nǹkan kan.